Ẹ̀yìn Lẹ́ńsì

Owó lẹ́ńsì tí wọ́n dìídì ṣe fún kòkòrò
ju owó ilé oṣù kan lọ ní Sàskátúùn.
Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé, ẹ̀dínwó ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.
Mo dúpẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹni tí kò rí àdán, òòbẹ̀ ní í fi ṣẹbọ.
Mo tú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo yọ lẹ́ńsì bàbá mi, olóògbé Adéṣìgbìn,
tó fi ya ọkọ àti ìyàwó ní Ìkirè fún ogún ọdún,
tó ń pariwo pé, "Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ tún sún sẹ́yìn!"
kí gbogbo ẹbí lè gbà sínú fọ́tò kan,
tí èmi sì máa ń wà létí, ìdajì ojú, etí kan.
"Má fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí,
"iwájú ṣeé nù, ẹ̀yìn kò ṣeé nù."

Ẹ̀yìn náà ni mo dà síwájú.
Mo gbé ojú lẹ́ńsì lé ẹnu kámẹ́rà,
mo fi rọ́bà tí wọ́n fi di àlùbọ́sà eléwé dè é,
ọwọ́ òsì mi sì dì í mú,
nítorí rọ́bà kì í ṣe ẹni à á gbẹ́kẹ̀ lé.
Ohun tó ti ń sọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì di ìwọ̀n èékánná
ló wá ń sọ irun ẹsẹ̀ eṣinṣin di igbó.
Páálí mílíìkì ni mo gé bo iná rẹ̀
kó má baà kọ mànà mọ́ ẹlẹ́gẹ́ lójú.

Òwúrọ̀ oṣù kẹsàn-án. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé,
ìyẹ̀fun búrẹ́dì ṣì wà nínú irun apá mi.
Ìgbà òtútù báyìí ni wọ́n ṣeé bá:
ìyẹ́ wọn tutù, wọn ò lè fò àfi kí oòrùn yá wọn.
Lámilámi kan so mọ́ igi tòmátò lẹ́yìnkùlé,
ìrì bò ó láti orí dé ìrù.
Mo dọ̀bálẹ̀.
Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà lórí koríko tútù.
Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti dé ìlú yìí,
n kò dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.
Ọ̀gá mi a na ọwọ́, n ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó parí.
Lámilámi ló wá gba ìkíni náà,
kò sì ní kí n dìde.

Kò sí ohun tí mo lè yí kó mọ́. Ara mi ni mo ń yí:
síwájú ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì, sẹ́yìn ní ìdajì rẹ̀.
Ibi tó mọ́ kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ.
Mo mí, ó bọ́.
Mo di èémí mú, ó padà.

"Ṣé o ti kú ni?"
Ìyáàfin Hinátíúkì ni, lẹ́yìn ọgbà, nínú aṣọ àwọ̀sùn,
fóònù lọ́wọ́, ó ti tẹ nọ́ńbà méjì nínú mẹ́ta.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí."
Kò bínú. Kò mí lóòótọ́.
Àgbàlagbà méjì di èémí mú nítorí kòkòrò kan.

Ọgọ́ta ó lé méjì ni mo yà. Ọ̀kan ló mọ́.
Ó wọ awò rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ojú lámilámi náà títí,
ó ní ó jọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá òun rán sí ọrùn aṣọ kan.
Aṣọ wo? Kò sọ.
Ó wọlé lọ gbé kọfí kaná.

Oòrùn yọ lórí òrùlé gáréèjì.
Lámilámi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì tí kò tètè gbiná,
ó gbọ̀n, ó gbọ̀n,
ó ju ìrì rẹ̀ sí mi lójú,
ó fò kọjá orí tòmátò, kò wẹ̀yìn.
Ẹ̀kán omi kan bà lé ẹ̀yìn lẹ́ńsì bàbá mi.
N kò nù ún.