Apá Kejì

Ṣọ́ọ̀bù Yéékínì tó ń ránṣọ ní Ìta Kúdímọ̀
ni a máa ń jókòó sí lẹ́yìn Íṣáì:
òun nídìí ẹ̀rọ, àwa mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
tí ẹnì kan bá dìde láìsọ, àwọn yòókù á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni fíìmù ti ń gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn
nínú mẹ́mórì tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Nímọ̀tà á tú u láti inú kókó etí ìborùn rẹ̀:
"Ẹ wo eléyìí. Bí ẹ kò bá sunkún,
ẹ wá gba owó wàrà lọ́wọ́ mi."
A wò ó. A ò sunkún. Kò sanwó.
Ó ní ọkàn wa ló le, kì í ṣe ẹ̀bi fíìmù.

Ti Yéékínì ni Tájú Agbọ́nyìn.
Kò sí fíìmù tí Tájú bá wọn dé ìdajì.
Wọ́n fi jọba, ó jẹ májèlé;
wọ́n fi ṣe dírẹ́bà, bíréèkì já;
lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ṣe lèmọ́mù,
a ní háà, Ọlọ́run ti yọ ọ́ wàyí,
àfi gbì! òrùlé wó lé e níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá.
"Yéékínì, o kú ọ̀fọ̀ o,"
bí a ṣe ń kí i lálaalẹ́ nìyẹn.
Á fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, á fèsì:
"Ó mọ ikú kú ju bí àwọn tiyín ṣe mọ ayé jẹ lọ."

Èmi, Sèlí Atáwẹ́wẹ́ ni mo yàn,
ìyàwó burúkú inú fíìmù gbogbo.
Bó bá ti tún ìró ró, tó pòṣé,
mo mọ̀ pé ìyá ọkọ ti wọ gàù.
Gàníyù ní ìdí abájọ tí n kò fi tíì lọ́kọ.
Mo ní ìdí abájọ tí ìwọ náà fi ń fọ àwo nílé,
nítorí Bọ̀dé Ìkarahun tó o fẹ́ràn,
láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ọkọ,
a kò gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀ rí.
Bẹ́ǹṣì mì. Nímọ̀tà ṣubú.

Gàníyù kan náà ló búra
pé òun rí Sèlí ní Gẹ̀rí Àlímì, lọ́sàn-án gangan,
tó ń bẹ obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà:
"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹyọ kan lé e."
Sèlí! Kó máa bẹ èèyàn!
Ọjọ́ méjì ló fi dúró lórí ìró nítorí irọ́ yẹn.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gba Ọjà Gbọọrọ lọ sílé,
mo máa ń gbìyànjú "ẹ jọ̀ọ́" náà wò lẹ́nu ara mi.

Èyí tí a kò parí ìjà lórí rẹ̀ ni ti ọmọ tó lọ wá baba rẹ̀.
Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbọ́wọ́ sókè, ó fẹ́ kàn án,
ó di apá kejì.
Yéékínì ní baba ti kú (Tájú ló ṣe baba).
Gàníyù ní ó ṣílẹ̀kùn, kò sọ̀rọ̀.
Mo ní ìyàwó tuntun ló jáde, tó ń tún ìró ró.
Nímọ̀tà ń ta kókó etí ìborùn, ó ń tú u, ó tún ń ta á.
Ìgbà náà ni mo rántí
pé baba rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Tàmálè
kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú.
Ẹ̀rọ dákẹ́.
"Ó lè wà láàyè o," Yéékínì sọ,
Yéékínì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yè.

Gàníyù ti rí apá kejì rà.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ, láàárín àwọn bọ́tìnnì.
Nímọ̀tà mọ̀.
Lálẹ́ àná ó ní, ẹ fi ti ẹlẹ́rìn-ín sí i.
A wo ti ẹlẹ́rìn-ín.
Tájú kú kí iyọ̀ tó tán lára ẹ̀pà wa.
A kí Yéékínì.