Ìwé Ẹ̀rí

Oṣù Ògún. Òjò ń rọ̀ láti Lafẹ́nwá dé Àdátán,
Odò Ògùn pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Wọ́n ní kí àwa tíṣà ìtàn wá kẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi,
ọjọ́ márùn-ún, ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Kútọ̀.
Owó ọkọ̀ ń bọ̀, wọ́n ní, ó ń bọ̀.
Títí di òní, ó ṣì wà lọ́nà.

Àwa mẹ́rìnlélógún. Ọ̀gbẹ́ni Ṣógbàmú láti Ìtòkò
sún tábìlì rẹ̀ síbi tí páànù kò ti jò,
ó ní, "Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ wa?
Ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ṣé ó tún lè yí padà ni?"
A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ ọjọ́ àti oṣù sójú pátákó,
tí àwọn ọmọ ń dà á kọ,
tí mo ń fi báírò pupa fá a,
tí mo sì ń nu pátákó.

Ọ̀mọ̀wé Akínṣọwọ́n wọlé, kékeré bí ẹni tí mo lè bí,
bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.
Ó ní ní Amẹ́ríkà níbi tóun ti kàwé,
ìgbà ooru làwọn tíṣà ìtàn ń péjọ,
wọ́n á yí àpótí ìwé gbígbó kan ká,
wọ́n á máa bi ìwé léèrè bí agbẹjọ́rò:
ta ló kọ ọ́? Ta ló sanwó tàdáwà rẹ̀?
Ta ló wà nínú yàrá náà tí a kò dárúkọ?
"Níbí, òjò la ní," ó wí. "Ẹ mú nǹkan wá láti ilé lọ́la."

Mo délé, mo tú agolo Bọ̀nfítà ìyá mi.
Abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì, eyín mi tó kọ́kọ́ ká,
àti ìwé pẹlẹbẹ kan tí kòkòrò ti jẹ létí:
rísíìtì owó orí ìyá ìyá mi,
ẹni tó rẹ aṣọ ní Ìtòkú, tí ìka rẹ̀ dúdú wọ sàárè.
Ẹfúnróyè lorúkọ rẹ̀.
Akọ̀wé ọjọ́ náà kọ "Funro, obìnrin",
ó tẹ òǹtẹ̀ lé e, ó kọjá sórí ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lé tábìlì.
Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń ráhùn lẹ́yìn ògiri.
Ọ̀mọ̀wé fi ojú kàn án, kò fi ọwọ́ kàn án.
"Ṣílè mélòó?" Mo ní méjì àbọ̀.
"Aṣọ mélòó ló máa tà kó tó rí i?"
N kò mọ̀.
"Ta ló bá a lọ síbẹ̀? Ṣé ó bínú?"
N kò mọ̀, n kò mọ̀.
Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo gómìnà,
tí mo mọ ọdún tí rélùwéè wọ ìlú,
n kò bi ìyá mi rí, kó tó kú,
bóyá ìyá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sanwó náà
àbí wọ́n fà á lọ ni.
Ṣógbàmú bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ní òjò ló ta sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n pín ìwé ẹ̀rí àti míìtì-páì tútù.
Ṣóyẹmbọ̀ ni mí. Ṣòyìnbó ni wọ́n tẹ̀.
Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín: "Òyìnbó, ẹ káàbọ̀!"
Mo yọ báírò kí n tún un ṣe,
ọwọ́ mi dúró.
Àṣìkọ náà, ẹ̀rí ni.

Ìwé méjèèjì ti wà nínú agolo báyìí,
àṣìkọ lórí àṣìkọ.
Ilé-ìwé á wọlé lóṣù tó ń bọ̀.
Mo ti ra ẹfun ìkọ̀wé páálí kan.
N óò kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó, ẹfun lórí Ẹfun, ní kíkún,
n óò sì dákẹ́, títí ọmọ kan,
bóyá èyí tó máa ń sùn lẹ́yìn,
á fi na ọwọ́ sókè, á bi mí pé:
"Mà, ta nìyẹn?"