Ó Ku Ẹṣin

Ìwé pélébé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ka nǹkan mẹ́jọ:
ẹṣin gígùn, odò ìwẹ̀, tẹníìsì orí tábìlì,
ọ̀nà tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé orí àpáta.
Owó àjọ oṣù méje ni mo fi gba yàrá méjì
ní ilé ìsinmi orí òkè, lẹ́yìn Iléṣà,
ní ìparí oṣù kejì, tí ọyẹ́ ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́
ṣùgbọ́n tí kò tíì dágbére.

A débẹ̀. Ẹṣin ti kú láti èṣí.
Baba Fáníyì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló sọ fún wa,
ó ṣí fìlà, bí ẹni pé ìbátan òun ni.
Alángbá mẹ́ta ń yá oòrùn nísàlẹ̀ odò ìwẹ̀.
Ó ní odò ìwẹ̀ wà, omi ni kò sí.
Àbúrò ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn."
Mo ní òṣómàáló ni bàbá mi àgbà,
ó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó yóò fi jáde.
Èmi náà á lóṣòó ti òkè yìí.

A fi òrí pa ètè, a fi pa gìgísẹ̀,
a fi ìyókù pa imú Dúrójayé tó ń bó bí èèpo ẹ̀gẹ́.
A gun àpáta ní kùtùkùtù,
súwẹ́tà ilé ìwé lọ́rùn àwọn ọmọ.
Eruku bo ìlú mọ́lẹ̀,
òrùlé páànù kan ṣoṣo ló yọrí, ó pọ́n bí obì.
Mo nawọ́ síbi tí mo rò pé Òkèṣà wà,
mo ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ìyá mi ti kọ́ aṣọ rírán."
Adékúnbi ní, "Ibo?"
N kò mọ̀. Mo kàn nawọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Àgbálùmọ̀ mẹ́wàá la jẹ
kí kóró rẹ̀ tó pé méjìdínláàádọ́ta,
a gbẹ́ ihò méjìlá sínú iyẹ̀pẹ̀, a ta ayò.
Ẹni tó fẹ́ padà sí Ìbàdàn ló ń pa wá ní àpatúnpa,
kò jẹ́ ká dìde lọ jẹun.
A sun iṣu. Ẹ̀yìn rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ le.
A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lóru, atẹ́gùn ń ti ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá.
Ọkọ mi ló ní ká tẹ́ ẹní sínú odò ìwẹ̀,
pé afẹ́fẹ́ kò ní lè bá wa débẹ̀.
A sùn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí táìlì búlúù,
bí ẹja tí wọ́n gbàgbé.
Ìlú ṣókùnkùn nísàlẹ̀. Ó pẹ́.
Adékúnbi ló yọrí wò: "Iná ti dé!"
Iléṣà tàn látòkè délẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa tán
kí ariwo tó gun òkè wá bá a,
ariwo ọmọdé gbogbo ìlú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.
Dúrójayé ní, "Màmá, ṣé àwa ni wọ́n ń kí?"
Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́,
ọkọ mi tí kò rẹ́rìn-ín
láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ó lọ, afẹ́fẹ́ yí ojú padà.
Òórùn ilẹ̀ tutù kọ́kọ́ dé,
lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ dà lu páànù,
àwọn alángbá kó ilé wọn sílẹ̀.
Nígbà tó dá, omi pupa dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú odò ìwẹ̀.
A ká aṣọ, a bọ́ sí i, tàgbà tèwe.
Baba Fáníyì dúró létí rẹ̀ tòun ti agbòjò,
ó ní, "Ṣebí mo sọ fún yín?"
Dúrójayé lóṣòó sínú omi, ó gbójú sókè wò ó.
Ó ní, "Ó ku ẹṣin."