Yàrá Olóorun ní Lübeck

Ní Lübeck, nítòsí odò Trave,
yàrá kan wà tí a ti ń sanwó fún ènìyàn láti sùn.
Èmi Joost ni mo máa ń lẹ okùn mọ́ wọn lórí,
mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú oje tó tutù bí imú ajá.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí yìnyín ń bọ́,
Irmtraud Kühnast wọlé, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Bọ́tìnì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà.
Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ará Póláǹdì, wọ́n ti bímọ,
ó sì fẹ́ bá ọmọ náà sọ èdè ìyá rẹ̀.
"Orí mi ti di asẹ́," ló wí. "Ohun tí mo bá dà sí i, jíjò ló ń jò."

Ogójì ọ̀rọ̀ ni mo kọ́ ọ kó tó sùn.
Mo bi í padà. Ó mú méjìdínlógún.
Ó gbàgbé búrẹ́dì, ó gbàgbé fèrèsé,
ó dé orí ṣíbí, ó ń fi ìka gbá ètè:
"Ó wà níbí, ó wà níbí."
Ṣíbí kò jáde.

Mo pa iná.

Ó kọ́kọ́ díbọ́n, ojú ń tì í.
A kì í jí apirọrọ, àmọ́ ẹ̀rọ tèmi mọ̀ ọ́n:
ó mọ ẹni tó sùn, ó mọ ẹni tó kàn dijú.
Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, oorun gbé e lọ.

Ẹ wá wo ojú ẹ̀rọ nígbà náà!
Ìgbì ńlá, tó lọ́ra, ó ń gòkè, ó ń sọ̀,
bí ẹni pé òkun gba inú okùn wọlé.
Lórí ìgbì náà ni ìlà wẹ́wẹ́ ti ń bẹ́ jáde,
wọ́n tín-ín-rín, wọ́n wú, wọ́n tún tín-ín-rín,
bí kẹ̀kẹ́ ìrànwú tí òwú yó.
Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.
Nísàlẹ̀ ọpọlọ, ohun kékeré kan tó ká bí ẹṣin-òkun
ń tú àpò ọjọ́ náà:
yìnyín, owó bọ́ọ̀sì, ogójì ọ̀rọ̀.
Kò kó gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣà á, ó ń tún un wí kíákíá
sí etí èèpo ọpọlọ, àgbà olórí líle
tí kì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan,
tó sì jẹ́ pé bó bá ti gbọ́, ó gbọ́ nìyẹn.
"Ṣíbí ni mo wí. Ṣíbí. Ṣé o gbọ́?"

Mo ń mu kọfí.
Ọdún kẹfà rèé tí mo ń ṣọ́ oorun olóorun.
Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀;
mo ń tòògbé, n kò sùn.
Lóṣù tó kọjá mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù,
mo fẹ́ ra tábà tí bàbá mi ń mu, kí n gbé e sórí sàréè rẹ̀.
Mo rántí àwọ̀ páálí. Òórùn rẹ̀ wà nímú mi.
Orúkọ kò wá. Kò tíì wá.

Aago mẹ́fà àbọ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́.
Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.
Kó tó lajú, kó tó kí mi,
"Łyżka," ni Irmtraud wí,
bí ẹni yọ ṣíbí lábẹ́ ìrọ̀rí.
Mo bi í ní gbogbo rẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ẹyọ kan lóru.

Ó lọ bá bọ́ọ̀sì, oje ṣì wà ní irun rẹ̀.
Mo fọ okùn, mo ká wọn.
Lọ́nà ilé, mo ra aṣọ dúdú tó nípọn,
mo fi ìṣó kàn án mọ́ fèrèsé.
Àwọn ọmọdé ti ń pariwo. Ẹ máa gbá a.
Mo gbé orí lé ìrọ̀rí,
bí n bá jí, kí ẹnì kan bi mí ní orúkọ tábà yẹn.