Mo Ti Kí Yín Kí N Tó Wọlé

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará ilé Àǹtí Fẹ̀hìntọlá,
mo ti kí yín kí n tó wọlé.
Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo ti kí yín,
mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi,
mo pe bàbá ní bàbá, mo pe ìyá ní ìyá.
Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ojú mẹ́rìnlá yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà,
gbogbo rẹ̀ jò dànù bí omi inú ajere.

Àǹtí ní, "Ọmọ tí a bí ire kì í wọlé bí ológbò.
Ṣé Kánádà ló gbé ọ lójú sókè báyìí?"
Ládépò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ojú ló ń tì í."
Ojú ń tì mí kẹ̀?
Ìtìjú a máa wá, a sì máa lọ, bí àlejò ọjọ́ kan.
Èyí tó wà lára mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́.
Ó ń jí ṣáájú mi,
á ti máa ka ohun tí mo sọ lánàá sí mi létí.

Eyín ń dùn mí láti oṣù kẹwàá.
Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé:
Ẹ káàárọ̀. Ìbíwùmí lorúkọ mi. Mo fẹ́ rí dókítà.
Mo kà á fún dígí, mo kà á fún ìkòkò ọbẹ̀.
Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì lọ́hùn-ún,
ẹnì kan ní, "Hẹlóò?"
Mo pa á.
Apá òsì ni mo fi ń jẹun títí dòní.

Pásítọ̀ ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni,
kí n jáde síwájú ìjọ kí wọ́n lé e lọ.
Síwájú ìjọ! Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Níbi iṣẹ́, Darlene ń yìn mí,
ó ní n kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.
Ohun tí Àǹtí pè ní ìgbéraga ló pè ní ìwà pẹ̀lẹ́.
Kò mọ̀ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kìíní,
òtútù Saskatoon ti hu eyín, ó ń gé etí jẹ.
Bọ́ọ̀sì kún. Ibùdókọ̀ mi ń bọ̀.
Okùn tí wọ́n ń fà kí awakọ̀ lè dúró
kò jìnnà sí ọwọ́ mi.
Mo ń retí kí ẹlòmíràn fà á.
Bí mo bá fà á, aago á dún,
bí aago bá dún, wọn á wò mí.
Ta ni yóò wò mí? Mo mọ̀ pé kò sẹ́nì kan.
Ìmọ̀ ò lágbára níbẹ̀.
Ilé mi kọjá lójú fèrèsé. A gun afárá, a sọdá odò.
Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ẹsẹ̀ rìn padà,
omijé dì mọ́ ìpéǹpéjú mi.

Yàrá ìfọṣọ ni màmá arúgbó Halyna ti bá mi.
Kò bi mí pé kí ló dé.
Ó di etí aṣọ ibùsùn rẹ̀ kan mú, ó na ìkejì sí mi,
a jọ ká a, a ká òmíràn,
ẹ̀rọ ń yí, kò sẹ́ni tó fọhùn.
Nígbà tó ń lọ ó ní, "Ọ̀la, aago méje,"
bí ẹni pé mo ti sọ̀rọ̀ tó.

Àǹtí mi, kò tíì tán o.
Ṣùgbọ́n lánàá, mo fa okùn.
Orí kan ṣoṣo ló yí padà, ọmọdé kan tó ń jẹ bisikí.
Ìkánjú ni mo fi fà á:
ibùdókọ̀ kan ṣáájú tèmi ni.
Mo sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo bá kan ilẹ̀kùn yín,
ẹ jẹ́ kí ẹnì kan péré wá ṣí i.
Mo ti kí yín ná.