Bàtà Lẹ́bàá Ibùsùn

Herminda ìyá mi kì í sùn láìto bàtà.
Méjì méjì, lẹ́bàá ibùsùn kọ̀ọ̀kan,
imú wọn kọjú sí ilẹ̀kùn
bí ajá tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín.
Inú bàtà òsì ló ń ki tọ́ọ̀ṣì bọ̀,
inú tọ̀tún, fèrè onírin kékeré kan.
"Ilẹ̀ tó bá mì kì í dúró de ẹni tó ń wá bàtà,
gíláàsì fèrèsé kì í sì í ṣàánú àtẹ́lẹsẹ̀."

Ṣílè ni wá. Òkun wà níwájú ilé,
òkè wà lẹ́yìn,
àwa wà láàárín bí ẹran inú búrẹ́dì.
Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ iye àtẹ̀gùn tó gun òkè:
igba ó lé mẹ́tàdínlógún.
Nivaldo ẹ̀gbọ́n mi ní igba ó lé mẹ́rìndínlógún ni.
A ti jà sí i débi pé a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Àpò pupa kan ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ìyá mi ń tú u sórí tábìlì:
omi inú ike, ẹja inú agolo, rédíò tí à ń fọwọ́ yí,
ìwé ilé tó fi ọ̀rá wé lọ́nà mẹ́ta,
súwẹ́tà mi ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.
Mo ti pé mẹ́tàdínlógún, kò mú un kúrò.
"Bóyá ọmọ ẹlòmíì ni yóò bá wa gun òkè."
Ìwé pélébé kan náà wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ló fi kọ ọ́:
orúkọ wa, irú ẹ̀jẹ̀ wa,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá ń lò, ìwọ̀n rẹ̀, wákàtí rẹ̀.
Bàbá a máa rẹ́rìn-ín. Apẹja ni.
"Herminda, bí òkun bá fẹ́ mi,
kò ní béèrè irú ẹ̀jẹ̀ mi."

Ojú máa ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.
Alẹ́ Sátidé tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jó,
àwa la di ojú wa,
tí à ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń ti gáàsì,
ìyá mi di aago mú, kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlá la fi ṣọ́ òkun.
Òkun ò wá.
Ohun tí à ń retí níwájú ilé,
yàrá ìdáná ló gbà wọlé,
òru kan nínú oṣù Keje, òjò ń rọ̀, iná ti lọ.
Bàbá dìde láti mu omi.
Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó ń pe orúkọ ìyá mi,
ó ń jáde bí ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́.

Kò sẹ́ni tó kígbe.
Ẹsẹ̀ mi ti wà nínú bàtà kí ojú mi tó là.
Gíláàsì ń run lábẹ́ wa, kò gé ẹnikẹ́ni.
Nivaldo fọn fèrè lójú ọ̀nà: ẹ̀ẹ̀mẹta, ìdákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta.
Eliécer aládùúgbò gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ jáde nínú aṣọ ìsùn.
Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè oògùn tó ń lò.
Mo la ẹnu, ohùn ò jáde.
Ìyá mi na ìwé pélébé náà sí i.

Bàbá padà wálé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ò yá mọ́,
kò lè so okùn bàtà,
àmọ́ òun ló ń to bàtà wa báyìí lálaalẹ́.
Ó máa ń pẹ́ nídìí rẹ̀. Ìyá mi kì í ràn án lọ́wọ́.
Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló ń sọ sábẹ́ ètè.
Ó ní òun ń ka àtẹ̀gùn.
"Mélòó ni?"
"Igba ó lé mẹ́rìndínlógún."
Nivaldo pàtẹ́wọ́.
Mo ní irọ́ ni.
Mo ní kí gbogbo wa lọ kà á lọ́la.