Ògbufọ̀ ní Kóòtù Kẹta

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbufọ̀ ní kóòtù Ìlọrin.
Mo mọ orúkọ olè ní ọ̀nà mẹ́rìnlá,
àmọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, ahọ́n mi há sẹ́nu.

“Fífọ owó,” ni mo wí.
Ìyá arúgbó kan láti Pàkàtà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn:
“Ṣé ẹrẹ̀ ni owó ọ̀hún já sí ni?”
Adájọ́ wò ó láti òkè gíláàsì.

Ṣàkáríyáù Onípákó ló kọ́kọ́ wọ àpótí,
ẹni tó ni sọ́míìlì mẹ́ta lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́.
Ìwé rẹ̀ ní ó ń ta ìrókò lójoojúmọ́;
bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà rèé tí ayùn rẹ̀ ti dípẹtà.
Owó ìràpadà ló ń gba ẹnu ayùn yẹn wọlé,
tó ń jáde ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Tankẹ.
Lójú òfin, àná owó náà ló ń rùn.

Ẹ̀sùn kejì tún le jù ú lọ.
Mo wá ọ̀rọ̀ títí, mo ní:
“Gbígbọ́ bùkátà agbésùnmọ̀mí.”
Bàbá Láwàní, àgbẹ̀ Ìdọ̀fián, gbé ojú sókè.
Owó tirẹ̀ mọ́ ju aṣọ ìkírun lọ:
ẹ̀gẹ́ ló gbìn, gàrí ló tà,
gbogbo rìsíìtì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá.
Ó kàn ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, mẹ́wàá
ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú igbó,
ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fi rà.
“Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà lára owó tí mo làágùn fún?”
Èmi ló bi. Kò bi adájọ́.

Lọ́yà ìjọba ní ẹjọ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà:
ti àkọ́kọ́, ẹ bi owó níbi tó ti ń bọ̀;
ti èkejì, ẹ bi í níbi tó ń lọ.
Ṣùgbọ́n ó ṣí ìwé,
ó fi hàn wá bí owó pákó, nígbà tó mọ́ tán,
ṣe padà sígbó lọ ra alùpùpù mẹ́rin àti ọta,
bí ẹni tó wá wẹ̀ nílé àna
tó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Mo gbufọ̀ rẹ̀, n kò fi kún un.

Lẹ́yìn náà la kan ojú ewé kẹtàdínlógún:
Òkè-Ọ̀dẹ̀. Obìnrin kan.
Mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀, nínú àpò ìrẹsì.

Àbúrò ìyàwó mi ni.
Ilẹ̀ bàbá wọn ní Ìgbàjà la tà,
èmi ni mo ka owó náà lórí ẹní,
èmi ni mo fi okùn so ẹnu àpò.
Àná rẹ̀ mọ́.
A mọ ibi tó ń lọ.

“Ògbufọ̀, a ò gbọ́ ọ,” ni adájọ́ wí.

Mo mu omi.
Mo ka iye náà jáde ní Yorùbá, ẹyọ kan kò sọnù.
Bàbá Láwàní ń wò mí lẹ́nu.